Fọ́ọ̀mù Káfíńtà Tó Wà Lọ́wọ́ Rẹ

Àbúrò mi, Ọ̀gá Kékeré,

Mo kí ọ o. Mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn tí o ní ó ń dùn ọ́ nígbà tí o kúrò lọ́dọ̀ mi ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́ báyìí? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Ọkọ mi ní kí n kí ọ. Kò mọ ohun tí mo ń kọ, ṣùgbọ́n ó wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra gbé rédíò rẹ̀ lọ sí yàrá kejì.

Nínú ọdún mẹ́jọ tí èmi àti ìwọ fi jọ ń kọ lẹ́tà sí àwọn onílé àti àwọn oníṣọ́ọ̀bù kí wọ́n lè wá ṣe adójútòfò lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ínṣọ́ránsì tí gbogbo èèyàn ń pè é, kò sí èyí tó le fún mi tó eléyìí. Mẹ́ta ni mo ti ya dànù láti àárọ̀. Inú ń bí mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí o má baà sọ pé mo gbọ́ ti àwọn èèyàn.

Ní oṣù tó kọjá, ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ju lẹ́tà kan sórí tábìlì, ó ní, "Ta ni Màmá Ológbò nínú ilé yìí?" Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó ń jẹ́ Màmá Ológbò láyé. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti kọ ọ́ sínú ìwé àdírẹ́sì wa, mo fi nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ ibi iṣẹ́ ọkọ mi sí i, kí n lè mọ iye ọjọ́ tí lẹ́tà wa ń lò lójú ọ̀nà, kí n sì mọ̀ bí wọ́n bá da díẹ̀ nù. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ pé ó fẹ́ràn ológbò rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀, kí ó lè jọ ti àwọn tó kù. Mi ò sọ fún ọ rí, torí o ò bi mí. Mo rò pé lẹ́tà tiwa ló dé. Ìgbà tí mo tú u, orúkọ ilé iṣẹ́ adójútòfò kan tí mi ò gbọ́ rí ló wà lókè, orúkọ rẹ sì wà nísàlẹ̀. O tún bèèrè àlàáfíà ológbò mi. Ẹ̀rín tí mo ń rín ò mọ ibi tó gbà lọ.

Ìwọ tí o sọ fún mi pé iṣẹ́ tíṣà lò ń lọ ṣe. Mo kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì wa, mo gbàdúrà fún ọ, mo sì fún ọ ní báàgì tuntun tí o máa fi kó ìwé àwọn ọmọléèwé.

Mo wá rántí ìgbà tí òjò rin ìwé àdírẹ́sì wa, tí o ní kí n jẹ́ kí o gbé e lọ sílé, kí o lè dà á kọ kó mọ́ tónítóní. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni ìwé yẹn fi wà lọ́dọ̀ rẹ. Mo ròyìn rẹ fún gbogbo ayé. Ìwé tí mo fi ẹsẹ̀ mi rìn kọ nínú oòrùn ọ̀sán, àdúgbò dé àdúgbò: ẹni tó ń kun ilé rẹ̀, ẹni tó ra ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ pàdánù ẹrù lọ́wọ́ olè. Ẹ̀dà méjì lo dà á kọ, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún ara rẹ.

Èyí tó dùn mí jù nínú lẹ́tà yẹn ni ti bàbá wa. O mọ̀ pé nínú lẹ́tà kejì tí a máa ń kọ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan ni mo máa ń sọ ìtàn náà fún àwọn èèyàn, bí àgbàrá ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù fọ́tò bàbá wa, tó kó kámẹ́rà àti gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, tí kò sì ní adójútòfò kankan. Ohun tí mo máa ń kọ ni pé, èmi àti àbúrò mi la fi garawa gbọ́n omi títí ilẹ̀ fi ṣú. Nínú tìrẹ, o kọ ọ́ pé, "Èmi nìkan ni mo fi garawa gbọ́n omi." Ọ̀gá Kékeré, ọmọ ọdún mẹ́rin ni ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Orí tábìlì ni mo gbé ọ lé kí omi má baà gbé ọ lọ. Mo ń sunkún, mo ń gbọ́n omi, ìwọ ń bèèrè búrẹ́dì. Mo fi ọ́ sínú ìtàn yẹn torí pé mo fẹ́ràn rẹ, ìwọ sì yọ mí kúrò nínú rẹ̀.

Ó yẹ kí n pè ọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò pè ọ́. Mo ní ojú ló máa tì ọ́, pé o máa fúnra rẹ wá. Mo ń gbéraga, mo ń dúró dè ọ́ kí o wá bẹ̀ mí. Ibi tí ẹ̀bi tèmi wà nìyẹn, mo sì gbà á, torí ká ní mo ti pariwo nígbà yẹn, bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí káfíńtà ò ní rí báyìí.

Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé oníṣègùn eyín ni mò ń wí, ẹni tí lẹ́tà wa kẹta mú wá nígbà tí a ò tíì ní ju oníbàárà márùn-ún lọ. Iná jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá. Wáyà ló ṣẹ́ná, ó mú fáníìṣì, kí wọ́n sì tó fa omi dé, ẹ̀rọ tó fi ń rẹ́ pákó, pákó fúnra rẹ̀, àti iṣẹ́ oníṣẹ́ ti di eérú. Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, eérú ṣì wà ní irun ojú rẹ̀. Mo ti ń palẹ̀ ẹnu mọ́ láti bá a kẹ́dùn, nítorí àdéhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ mi ti parí, kò sì wá tún un ṣe. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an tí ẹ rán Ọ̀gá Kékeré sí mi. Ká ní mi ò ṣe tuntun yẹn, ǹ bá gbé."

O gbọ́ ohun tó sọ. Ó rò pé èmi ni mo rán ọ. Ó ní o wá sí ṣọ́ọ̀bù òun ní ọ̀sẹ̀ méjì kí iná tó jó, o ní òun ò nílò láti padà sí èyí àtijọ́ mọ́, o gba owó ọdún kan, òun sì fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo bi í ní rìsíìtì. Ó wò mí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ mi yà lẹ́nu. Ó ní, "Ṣé èèyàn ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ ọmọ ilé ni?"

Mo pe obìnrin tó ń gba fọ́ọ̀mù ní ilé iṣẹ́ tí o ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Ó ní àwọn ò mọ káfíńtà kankan. Ó ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn gan-an lo kó fọ́ọ̀mù wá, mọ́kàndínlógún. Nígbà tó sọ iye yẹn ni mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ ọ́, ogún-ogún lo máa ń kó jọ. Èmi ni mo kọ́ ọ. Mo sọ fún ọ pé ká máa kó lẹ́tà jọ kó tó igba ká tó gbé e lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, torí wọ́n máa ń dín owó fún ẹni tó bá kó púpọ̀ wá. Lẹ́tà la fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà lè dúró de ara wọn, kò sí ẹni tó máa kú sí i. Fọ́ọ̀mù ẹni tó ti sanwó kì í sun ilé aṣojú. Nígbà tí o sì gbọ́ pé iná ti jó, o yọ ti káfíńtà kúrò nínú ogún.

Mi ò ní bá ọ jà nítorí àwọn oníbàárà. Máa mú wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Obìnrin yẹn ní bí aṣojú àwọn bá ti gba fọ́ọ̀mù àti owó kí iná tó jó, àwọn máa san án, ṣùgbọ́n àwọn fẹ́ rí fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú déètì orí rẹ̀, kí aṣojú sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọjọ́ tó gbà á. Wọ́n ti pe káfíńtà sí ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ tí o bá sọ ọ́. Èmi á jókòó ti káfíńtà, màá sì sọ ohun tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Jọ̀ọ́, má ya á. Bí o bá ti ya á, má padà wá sọ́dọ̀ mi.

Ọlọ́run á fún ọ láyà. Á jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ rẹ ò ní gbọ́ ìtàn yìí lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo kí gbogbo ilé.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin, tí inú ń bí, tí kò sì tíì kọ̀ ọ́.

Mo tún rántí: Káfíńtà ní àga tí o ní kí òun ṣe fún ọ́fíìsì tuntun rẹ wà níta lọ́jọ́ yẹn, ó ń sá a sí oòrùn. Àga yẹn nìkan ni iná ò kàn. Ó ní kí n bi ọ́ ibi tí òun máa gbé e wá, ó sì ní òun ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.