Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá Tí O Fún Ara Rẹ

Abúlé Ìdí-Ìyeyè,
Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ Àlàmísì.

Àtàndá ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ọ̀nà, mo kí ọ kú eruku Kétu, èyí tí mo ṣì ń fọn kúrò nímú fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lẹ́yìn tí mo wá kí ọ lọ́dún tó kọjá. Ọlọ́run tó gbé ọ dé ibi tí o wà kò ní jẹ́ kí o já bọ́ níbẹ̀. Gbogbo ilé wà, ìyá rẹ wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dùn ún bó ṣe máa ń dùn ún bí òjò bá ṣú, adìẹ tí o fi sílẹ̀ pa ọmọ méje, àṣá sì ti gbé méjì. Ata ṣe dáadáa lọ́dún yìí, ọ̀nà tí a ó gbà gbé e jáde ni kò dára. Ọláìyá awakọ̀ ló ń kó àpò ata wa bọ̀ ní Mile 12 lọ́la, inú àpò kejì láti ẹ̀yìn ni mo fi lẹ́tà yìí sí, nítorí náà bí ojú bá ń ta ọ́ bí o ti ń kà á, ata ni, má rò pé nǹkan mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Oyèṣọlá, tíṣà iléèwé wa, ló mú kí n kọ̀wé. O ní iléeṣẹ́ tí o ń bá fi ọ̀kadà gbé ẹrù kiri fẹ́ yan àwọn tí yóò máa gun máṣìn ńlá tó ń gba orí afárá gígùn lọ sí Èkó, pé kí oníkálukú fi òótọ́ inú sọ bí òun ṣe mọ̀ ọ́n gùn tó, kó fún ara rẹ̀ ní máàkì láti orí ọ̀kan dé orí mẹ́wàá. Ẹni tó bá gba mẹ́jọ sókè ni wọ́n máa fún ní máṣìn ńlá, ẹni tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ yóò dúró sí Kétu àti Ìkòsì, wọ́n á sì tún un kọ́ fún oṣù kan. O ní èmi ni onídùúró rẹ, kí n kàn fọwọ́ tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé mo fara mọ́ ọn, pé kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Àtàndá, ta ló ń ṣe onídùúró ní ìṣẹ́jú kan? Mo dúró fún àbúrò mi nígbà tó ń fẹ́ ìyàwó, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rò ó, ìyàwó sì nìyẹn, kì í ní búréèkì tó lè já.

Mo wẹ̀, mo wọ dàńṣíkí funfun mi, mo dé fìlà, mo jókòó dáadáa síwájú fóònù náà, torí mi ò fẹ́ kí ọ̀gá rẹ wò mí láti inú ibẹ̀ kó rò pé ilé onírànù ni o ti wá. Ohun tí fóònù kọ́kọ́ béèrè ni pé kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní kí Oyèṣọlá tún un kà, ó tún un kà. Mo bá na ọwọ́ sókè, mo fi Ọlọ́run búra pé èmi Mutolib, èèyàn ni mí, abiyamọ ló bí mi. Kò tó o. Ó tún kó àwòrán mẹ́sàn-án jáde, ó ní kí n fọwọ́ kan gbogbo èyí tí alùpùpù bá wà nínú rẹ̀. Inú mi dùn díẹ̀ níbẹ̀, mo ní àwọn wọ̀nyí mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá onídùúró mọ máṣìn. Mo fara balẹ̀ wò ó. Máṣìn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, àmọ́ táyà iwájú ọ̀kan ti jẹ tán, ẹni tó sì wà lórí ìkejì jókòó bí ẹni tó wà lórí àga onígbàjámọ̀. Mo fọwọ́ kan méjì tó kù. Fóònù ní òun ò gbà, kí n tún un ṣe. Mo ní kí Oyèṣọlá bá mi sọ fún un pé ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń gun máṣìn, mi ò ní tìtorí fóònù pe pósí ní máṣìn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀. Nígbà tí mo lọ mu omi tí mo sì dé, Oyèṣọlá ní ó ti gbà, kò sì fẹ́ wo ojú mi.

Ìgbà náà ló wá ka ohun tí o kọ nípa ara rẹ. Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n gùn tó? Mẹ́wàá. Ṣé o máa ń wo dígí ẹ̀yìn? Nígbà gbogbo. Dígí wo, Àtàndá? Èyí tí mo rí lára máṣìn rẹ ní Ìkòsì, irùngbọ̀n lo fi ń wò. Ìgbà mélòó lo ti ṣubú? Òdo. Mo ní kí Oyèṣọlá dúró ná. Ojú tì mí fún ọ débi pé mo ṣí fìlà.

Kì í sì í ṣe ìwọ nìkan. Mo ti rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Lójoojúmọ́ tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ, abẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Kétu lẹ máa ń kó ara yín jọ sí láàárọ̀, ẹ ń retí iṣẹ́, ẹnu ni gbogbo yín sì fi ń gun máṣìn. Akínbíyì ọ̀rẹ́ rẹ ní, Daddy, kí n gbọ́, ní gbogbo Kosofe kò sí ẹni tó lè gùn ún tó òun, òun lè dijú gùn ún láti Ọjọ́ta dé Mile 12. Mo gbà á gbọ́, torí bó ṣe ń gùn ún gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì ni omi kún Ajégúnlẹ̀, wọ́n ní kó má gba ibẹ̀, ó ní òun mọ ọ̀nà náà bí àtẹ́lẹwọ́ òun. Ọkọ̀ ojú omi ló lọ gbé e jáde, òun àti máṣìn rẹ̀ àti kéèkì ọjọ́ìbí ọmọ kan tó ń gbé lọ. Mo rí i bó ṣe jókòó sínú ọkọ̀ náà, ó di ọwọ́ máṣìn mú gírígírí, bí ẹni pé òun ló ń wa àwọn tó ń wà á. Ìwọ fúnra rẹ lo sọ fún mi lórí fóònù pé mẹ́wàá ni òun náà fún ara rẹ̀. Ó dáa. Ẹni tó gun máṣìn wọnú odò gba mẹ́wàá, mélòó ni ká wá fún ẹja?

Ẹnì kan ṣoṣo ló wù mí nínú gbogbo yín, Adédiwúrà, àgbàlagbà yẹn tí kì í sọ̀rọ̀. Mo bi í léèrè, ó ní ọdún mọ́kàndínlógún ni òun ti ń gùn ún, òun ti ṣubú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, ó sì ka gbogbo rẹ̀ fún mi àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó ní mélòó ni òun ìbá fún ara òun bí kò ṣe mẹ́fà, ìyẹn bí òjò ò bá rọ̀. Gbogbo yín fi rẹ́rìn-ín. Òun náà ni o wá sọ fún mi pé wọ́n ní kó kọ́ àwọn tí kò bá tó mẹ́jọ. Ẹ ń sá fún olùkọ́ torí ẹ ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹ ò tíì mọ̀ ọ́n.

O ti gbàgbé bí a ti ń ṣe é nílé. Lọ́dọọdún, lọ́jọ́ tí a bá gbálẹ̀ abẹ́ igi ìyeyè tí a ti ń gbé èrò, onímáṣìn kọ̀ọ̀kan á dìde níwájú àwọn obìnrin ọjà, á ka ìṣubú rẹ̀, ibi tó ti ṣubú, ohun tó fà á, ohun tó kọ́ níbẹ̀. Àwọn obìnrin ló máa wá sọ ẹni tí wọ́n lè fi aboyún lé lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní òun ò ṣubú rí, iṣu ni wọ́n máa ní kó lọ máa gbé, torí bí iṣu bá já bọ́, kò sí ẹni tó máa sunkún. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìṣubú ni àkísà onímáṣìn.

Nítorí náà nígbà tí mo rí òdo yẹn, mo mọ̀ pé o ti ba ara rẹ jẹ́ lójú ọ̀gá rẹ, á ní oníṣu lèyí. Mo bá tún un ṣe fún ọ, kò tọ́pẹ́. Méje ni mo ní kí Oyèṣọlá kọ. Èyí tí o já sínú kòtò tí wọ́n rẹ ẹ̀gẹ́ sí lọ́jọ́ tí o kọ́kọ́ gun máṣìn, tí ìyá rẹ fi ní kí o sùn síta. Èyí tí o gun máṣìn wọ ilé ìdáná Karimot láti ẹnu ọ̀nà iwájú, tí o gba ẹ̀yìn jáde pẹ̀lú ìdérí ìkòkò lọ́rùn. Èyí tí o fi ń wo ọmọbìnrin kan. Èyí tí o tún fi ń wo ọmọbìnrin kan náà. Méjì lọ́nà oko. Àti èyí tó ṣojú mi ní Kétu, tí máṣìn dúró, tí ìwọ náà dúró, tí o ń sọ fún mi pé Bàbá, ẹ wo bí a ṣe ń fẹsẹ̀ kan tì í, tí ẹ̀yin méjèèjì wá rọra dùbúlẹ̀ síwájú mi.

Lẹ́yìn náà mo ní kó pa mẹ́wàá rẹ́, kó kọ mẹ́rin. Oyèṣọlá ní wọn ò ní fún ọ ní máṣìn ńlá o. Mo ní mo mọ̀. Mo rí afárá yẹn, omi lọ́tùn-ún, omi lósì, kò sí kòtò ẹ̀gẹ́ kankan níbẹ̀ tí èèyàn lè já sí kó sì jáde. Ẹni tó ń ṣubú lórí ìdúró, kí ló fẹ́ lọ fi eré ṣe? Mo mọ̀ pé inú rẹ yóò bàjẹ́. Kó bàjẹ́, a máa bẹ̀ ọ́, o ṣáà gbọ́dọ̀ wà láàyè kí á tó lè bẹ̀ ọ́.

Mo rò pé ó ti parí. Ìbéèrè kan ló kù, ti onídùúró: ṣé òun náà ti gun ọ̀kadà rí, ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣubú, kí ló fà á? Mo tún ara mi ṣe lórí àga, ibi tí mo mọ̀ jù la dé yìí. Mo ka márùn-ún bí ẹni ń ka owó. Mo wá dé orí ìkẹfà, èyí tí mo máa ń kà lábẹ́ igi ìyeyè lọ́dọọdún, ti ewúrẹ́ tó já lù mí lójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn, tí ìyá rẹ fi kán lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú ẹ̀wà náà.

Fóònù ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi, pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo sọ. Mo nu ìka mi lára aṣọ. Mo tún un nù. Àtàndá, ìka náà ò lọ.

Kò sí ewúrẹ́ kankan lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Fìlà tuntun ni mo dé. Mo rí àwọn ẹgbẹ́ mi níwájú ìsọ̀ fọkanáísà, mo fi ọwọ́ kan di máṣìn mú, mo fi èkejì juwọ́ sí wọn, mo sì yíjú padà kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n rí fìlà náà. Inú gọ́tà ni mo ti rántí ọ̀nà. Ìyá rẹ wà lẹ́yìn mi lórí máṣìn lọ́jọ́ náà, ó pọ̀n ọ́, o ò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀yìn ló yẹ kó fi lulẹ̀, ó yíra padà, ó fi ẹsẹ̀ gba ilẹ̀, kí ìwọ má baà kàn án. Ẹsẹ̀ tó ń dùn ún títí di òní nìyẹn. Nítorí náà mẹ́jọ ni ìṣubú rẹ, kì í ṣe méje, èmi ni mo sì fi àkọ́kọ́ kọ́ ọ. Bí ojú bá ń ta ọ́ níbí, mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀, ata ni.

Mo sọ ọ́ síta, Oyèṣọlá kọ ọ́, mo wá fi ìka kọ orúkọ mi. Ojú ń tì mí, mi ò lè wo ẹnu ọ̀nà. Ọdún mẹ́tàlélógún ni àwọn obìnrin ọjà fi ń fi aboyún lé mi lọ́wọ́ nítorí ewúrẹ́ tí kò sí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni ìyá rẹ kò fi gun máṣìn mi mọ́, ó ń fẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ rìn lọ sọ́jà, èmi a sì máa sọ fún àwọn èèyàn pé ìrìn ló fẹ́ràn. Ìyá rẹ ní ó ti dára, pé òun ti ń retí látọjọ́ yẹn kí ẹni tó ni ewúrẹ́ náà wá béèrè rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó ṣà á tán, ó béèrè iye tí mo fún ara mi. Mo ní méjì. Ó ní ó pọ̀ díẹ̀, àmọ́ òun fara mọ́ ọn.

Fi owó díẹ̀ rán Ọláìyá sí mi, má fi gba inú fóònù, torí mi ò tíì mọ bí owó ṣe ń gba ibẹ̀ jáde láì ya. Akoto méjì tí wọ́n ń dé sórí ni mo fẹ́ rà, ti ìyá rẹ la ó kọ́kọ́ rà, ó ní bí òun bá ti rí i dé, òun á jẹ́ kí n gbé òun lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan, kí òun wò ó. Lọ́jọ́ ìgbálẹ̀ tó ń bọ̀, màá dìde sọ ọ́ bó ṣe rí, bí wọ́n bá sì ní kí n lọ máa gbé iṣu, màá gbé e. Ìwọ lọ bá Adédiwúrà, dọ̀bálẹ̀ fún un, oṣù kan kì í ṣe ọdún kan.

Ọ̀nà ò ní mu ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹni tó rán ọ níṣẹ́ kò ní gbọ́ ìròyìn rẹ kó tó rí ẹrù rẹ̀. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, ìyá rẹ ni mo rí níbẹ̀. Ìwọ máa wo iwájú, Ọlọ́run á bá ọ wo ìyókù. Ní tèmi, lọ́jọ́ tí mo bá gbé e, ọwọ́ méjèèjì ni màá fi di máṣìn mú, bí Kábíyèsí pàápàá bá ń kọjá lọ, kí wọ́n má bínú sí mi, mi ò ní juwọ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Mutolib,
méjì nínú mẹ́wàá.