Òkúta Pẹlẹbẹ Ẹ̀yìn Ilé

Òkè Tolliver, Georgia

Verlene ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o. Ṣé ara le? Ṣé ọkọ àti àwọn ọmọ wà dáadáa ní Ohio? Èmi ń jẹ, mo ń sùn.

Harlan ẹ̀gbọ́n rẹ ti ta òkúta orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ẹ̀yìn ilé fún àwọn tó ń tún ọgbà olówó ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà tí ọkọ̀ wọn fi dé. Nígbà tí mo padà, ilẹ̀ ti mọ́ bí ẹni gbá a. Harlan wo ojú mi, ó ní, “Màmá, òkúta lásán ni wọ́n kó, wọn ò kó ilé.” Mo ní mo gbọ́. Mo gbé ẹ̀wà kaná.

Òkúta pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀ tí bàbá yín máa ń lé yín kúrò nídìí rẹ̀, tí ẹ bá ń ṣa aláǹgbá ìsun, àwọn aláǹgbá omi abẹ́ òkúta tí ẹ fi ń dẹ ẹja. Ọmọ wa àkọ́kọ́ ló wà lábẹ́ rẹ̀. A kò kọ nǹkan kan sí i lára. O mọ̀ pé ẹni tó ni òkú ló ń mọ irú òkúta bẹ́ẹ̀. Bàbá yín ní ká má sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́, a ò sì sọ ọ́. Òun náà ti wá lọ báyìí, ó ku èmi nìkan.

Mo lọ wá ojú ibẹ̀. Gbogbo ilẹ̀ jọra. Mi ò sunkún, omijé kò tilẹ̀ wá. Mo kàn ń rìn káàkiri bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́.

Àwọn aláǹgbá ìsun ti sá wọ inú pàlàpálá àpáta tán, àfi ẹyọ kan, dúdú, awọ rẹ̀ ń dán bí ara ẹja. Ó ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin rẹ̀ nínú kòtò tí òkúta kan fi sílẹ̀. Oòrùn ń pa á, kò kúrò. Mo wo kòtò náà dáadáa, mo sì mọ̀ ọ́n, bí òkúta pẹlẹbẹ wa ṣe rí ló rí. Ibẹ̀ ni.

Mo fi bárò gbé òkúta àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ bò ó. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ gbé etí rẹ̀ sókè kó má baà tẹ̀ ẹ́ pa. Lọ́jọ́ kejì, Harlan gbé ẹsẹ̀ sí òfìfo, ó ní àtẹ̀gùn dà? Mo ní mo ti rí ibi tó wúlò sí. Ó ní àgbà ti ń dé sí mi. Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Jọ̀wọ́ wá kí òtútù tó dé, kí n fà ọ́ lọ́wọ́ débẹ̀. Ó yẹ kí ẹlòmíràn mọ̀ ọ́n kí n tó kú.

Ọlọ́run yóò pa yín mọ́. Kò ní jẹ́ kí o fojú sunkún ọmọ.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ,
Oleta

Mo gbàgbé: obìnrin ni ọmọ náà. Idalee la sọ ọ́. Tí o bá kà dé ibí yìí, bá mi pe orúkọ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀kan. Mo gbìyànjú rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ohùn mi kò jáde.