Bàtà Ẹ̀yìn Ààrò

"Tamsin! Gbé bàtà yẹn kúrò lórí tábìlì! Ṣé o fẹ́ kí ẹnì kan kú nínú ilé yìí ni?"

Màmá Àgbà mi ọ̀wọ́n,

Ẹ má bínú, ariwo tí Mọ́mì ṣẹ̀ṣẹ̀ pa mọ́ mi nìyẹn, mo ní kí n kọ ọ́ kó tó tutù. Ṣé ara ti ń mókun nílé ìwòsàn? Ṣé ìbàdí tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Bramble ajá yín ṣì ń sùn sẹ́nu ọ̀nà yàrá yín.

Bàbá Garrod bíríkìlà ń tún ihò èéfín wa ṣe. Ó yọ bíríkì díẹ̀ lẹ́yìn ààrò, ló bá rí bàtà ọmọdé, ẹsẹ̀ òsì, awọ rẹ̀ ti le bí èèpo igi, ojú àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣì hàn nínú rẹ̀. Ó ní ilé yìí ti pẹ́ kí wọ́n tó mọ ihò èéfín sí i. Ìdí tí igi àjà yàrá mi fi dúdú nìyẹn, inú koríko òrùlé ni èéfín ń gbà jáde nígbà náà. Àwọn tó mọ ihò èéfín náà ló fi bàtà síbẹ̀, kí ohun burúkú má baà gba ibẹ̀ wọlé. Ó wá kìlọ̀ fún mi pé, "Má jẹ́ kó sun ìta o, ọmọ mi. Ilé ló ni ín."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí. "Bàbá Garrod, ẹ̀yin àti ìtàn iwin yín! Ajá gan-an ò ṣọ́lé yìí, ká tó wá sọ bàtà." Ó ti fi bàtà náà ta ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́rẹ, wọ́n ń bọ̀ wá gbé e lọ́sàn-án yìí. Mo kàn gbé e sórí tábìlì kí n ya àwòrán rẹ̀ ni, òun tí kò gba nǹkan kan gbọ́ ló fò sókè pé bàtà orí tábìlì ń pa èèyàn! Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rí i pé àga yín tó ṣófo ló ń wò. Ẹ̀yin ni ọkàn rẹ̀ lọ bá. Ẹ̀yin náà ni tèmi lọ bá.

Ẹ ṣé o, Màmá Àgbà. Nígbà tí Dádì lọ, ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún wa. Mo máa ń bú ilé yìí pé ó wọ́, pé àtẹ́rígbà ń gbá mi lórí, pé amọ̀ ògiri ń já sínú tíì mi. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ sùn láìsunkún.

Ọ̀la ni Bàbá Garrod máa dí ihò ẹ̀yìn ààrò náà, lófìfo. Ọjọ́ Àìkú lẹ̀ ń bọ̀ wálé. Mo ti pinnu nǹkan kan, mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀yin gan-an.

Kí Ọlọ́run gbé ẹsẹ̀ yín lé ilẹ̀ ire, kó mú yín wọlé wá bá wa.

Èmi ọmọ-ọmọ yín,
Tamsin

Díẹ̀ ló kù kí n gbàgbé: bí Mọ́mì bá ń wá bàtà ilé-ìwé mi, ẹsẹ̀ òsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún un pé Bramble fẹ́ràn láti máa jẹ bàtà.