Pákó Kẹta Tó Ń Ké

Glasgow,
Ọjọ́ Ajé.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín o. Báwo ni ìbàdí yín lónìí? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní tèmi, ara mi le, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí dé eegun.

Ìlú mọ́kànlélógún la ti dé láti oṣù kẹta. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́rìndínlógún ló ń kó ẹrù wa kiri, ẹ̀dà ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín tí a kàn fún eré ló sì kún ìdajì wọn: àga yín tó máa ń mì, ilẹ̀kùn onínẹ́ẹ̀tì, títí kan ìkòkò òdòdó tó ti sán. Lonnie káfíńtà wa á tò ó sórí pèpéle, màá gbé gìtá gun àtẹ̀gùn rẹ̀, pákó kẹta á sì ké bíi tilé gẹ́lẹ́. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, èmi á wá kọrin Kentucky ilé wa fún wọn.

Ní oṣù kejì, ẹ ní kí n kan pákó ti ilé. Mo ní ó di ọ̀la. Ẹ ní, "Wendell, ọ̀la tìẹ, ilẹ̀ rẹ̀ kì í mọ́."

Nígbà tí Arlene àbúrò mi pè mí ní Ọjọ́bọ̀ pé pákó yẹn yẹ̀ mọ́ yín lẹ́sẹ̀, pé wákàtí méjì lẹ fi wà nílẹ̀ tí ẹ ń pe èèyàn, mo ní kó jẹ́ kí n gbóhùn yín. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọsibítù: "O rówó mú kí pákó máa ké, o ò rí ìṣó kan fi pa á lẹ́nu mọ́." Ẹ rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, Màmá.

Mo sọ fún Hollis máníjà mi pé mo fẹ́ wálé, ó ní ìlú mẹ́fà ló ṣì kù. "Ṣé ìwọ ni dókítà ni? Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

Lánàá, mo gun àtẹ̀gùn, pákó ké, ẹgbẹ̀rún méjìlá èèyàn pàtẹ́wọ́. Ohùn yín ni mo gbọ́ nínú rẹ̀. Orin ò jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, mò ń lọ kan àtẹ̀gùn ìyá mi." Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara eré ni. Mo gbé gìtá sílẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mi ò padà.

Hollis ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ọjọ́rú ni màá dé.

Kí Ọlọ́run wo ìbàdí yín sàn, kí ẹ̀mí yín gùn tó láti bá mi wí tẹ́rùn.

Èmi ni ọmọ yín tó ń sún ọ̀la síwájú,
Wendell

Mo gbàgbé: ẹ má jẹ́ kí Arlene pe káfíńtà kankan. Lonnie ní ìṣó mẹ́rin ti tó, ṣùgbọ́n ogún ló kó fún mi. Ó ti rí mi pẹ̀lú òòlù rí.