Ibi Tí Ẹ Ó Sin Mí Sí, Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Jàrátù

Èmi, Jòhánù Ọláṣẹ̀hìndé, káfíńtà àti àgbà ìjọ ní Òmù-Àrán, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Ara mi ti di hẹ́gẹhẹ̀gẹ, ṣùgbọ́n orí mi pé, ẹnikẹ́ni kò sì fi agbára mú mi. Àbúrò mi Bámigbóyè àti ọmọ mi Rúùtù ni mo fi ṣe alámòójútó rẹ̀.

1. Ayùn, òòlù àti ìfági mi di ti Ràímì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí Jàrátù ìyàwó mi, tó jẹ́ Mùsùlùmí, kú, gbogbo ará ìjọ ló ń sọ ibi tó lọ fún mi. Ràímì bá mi jókòó ni, kò sọ nǹkan kan.

2. Àwọn àgùntàn di ti Rúùtù. Òun ló ń bu omi àlùwàlá fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn ún, kò sì torí ẹ̀ pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ.

3. Ilé mi, tòun ti ẹ̀yìnkùlé tí a sin Jàrátù sí, di ti àkọ́bí wa, Pásítọ̀ Olúṣẹ̀yẹ. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Òun ló gun àga ìwàásù tí mo fọwọ́ ara mi kàn, tó ní, "Ìyá mi ti ṣègbé, nítorí kò gba Jésù." Ó ti pe Ọlọ́run ní Awámáàrídìí nínú àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, kí ìwàásù tó parí, ó ti rí ìdí Rẹ̀. Ó dùn mí wọra. Èmi náà gba Jésù gbọ́, àánú Rẹ̀ ni mo gbójú lé. Ibi tí àánú náà pin sí ni n kò mọ̀. Ta ló wọ̀n ọ́n rí?

Ó ṣe mí bíi kí n fi ilé náà dù ú, ṣùgbọ́n ìjà ti sú mi. Bí ọmọ ẹni tilẹ̀ burú, a kì í lé e fún ẹkùn pa jẹ.

4. Ìjọ ti fún mi ní ààyè ní itẹ́ òkú wọn. Mo dúpẹ́, n kò fẹ́. Ẹ̀gbẹ́ Jàrátù ni kí ẹ sin mí sí. Kí ẹ gbàdúrà, àmọ́ kí ẹnikẹ́ni má dúró lórí sàréè wa sọ pé òun mọ ibi tí a wà.

5. Olúṣẹ̀yẹ kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ní Ọlọ́run ti dájọ́. Lọ́jọ́ ìsìnkú mi, kí ó bọ́ aṣọ pásítọ̀ sílé, kí ó wá bí ọmọ. Bí ẹ bá bo sàréè mi tán, ẹ fi òun nìkan sílẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sunkún, ẹ má bi í pé ta ló ń sunkún fún nínú àwa méjèèjì.

Mo fọwọ́ sí i ní Òmù-Àrán, Ìpínlẹ̀ Kwara, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 1972.

J. Ọláṣẹ̀hìndé

Àwọn tó ṣojú wọn:
Helen Ọláìyá, tíṣà
Àbúdùlàhí, àbúrò Jàrátù