Èèrà Kì Í Purọ́

Ilé Fákọ́ládé,
Ẹ̀yìn Ọjà,
Ìrókò, lọ́nà Akínyẹlé.

Jìnmí ọmọ mi, Àjàní ọmọ Fákọ́ládé,

Mo kí ọ o. Mo kí Gift ìyàwó rẹ, mo sì kí ọmọ tó wà nínú rẹ̀ tí a kò tíì rí ojú rẹ̀. Èkó kò ní gbé yín mì, iná kékeré tí o fi ń lẹ irin inú fóònù kò ní jó ọ lọ́wọ́, ẹni tó bá gbé fóònù tó bàjẹ́ wá fún ọ kò ní gbé ẹjọ́ wá. Tí o bá béèrè wa, a wà, ṣùgbọ́n wíwà wa kò dùn mọ́ wa. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Ẹ̀gẹ́ ọ̀nà odò ta, àgbàdo kò ṣe dáadáa. Ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé. Ara bàbá rẹ kò yá, Jìnmí, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ìwọ̀nba ìwé tí mo kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo fi ń kọ èyí fúnra mi, nítorí fóònù rẹ kò ṣeé bá sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá pè ọ́, obìnrin kan ló ń gbé e, òyìnbó ló sì ń sọ. Mo rò pé Gift ni. Mo kí i, mo bi í léèrè oyún, mo ní kó jọ̀wọ́ gbé fóònù fún ọkọ rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ sọ náà ló tún sọ, ó sì gé e mọ́ mi lẹ́nu. Bá mi sọ fún un pé mi ò bínú. Mo mọ̀ pé kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kó máa dúró kí àgbà parí ọ̀rọ̀.

Orí ọ̀gán ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀gán ńlá ẹ̀yìn ilé ìwé tí ẹ máa ń gùn nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Orí rẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wá ní àdúgbò wa, nítorí náà gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni bàbá rẹ máa ń gùn ún lọ, wọn á mú fóònù dání, wọn á máa retí rẹ. O máa ń pè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí o kò pè mọ́, wọn kò yé lọ, wọ́n ní iṣẹ́ ló pọ̀ fún ọ. Lọ́jọ́ kan òjò rọ̀, mo ní kí wọ́n má lọ, wọ́n ní bí Àjàní bá lọ pè lónìí ńkọ́. Ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n sì fi orí gbá òkúta. Sàníù ọlọ́kadà ló gbé wọn wálé. Nọ́ọ̀sì Kifayah rán ojú ọgbẹ́ náà, ó jiná, a dúpẹ́, a rò pé ó tán.

Àfi bí òùngbẹ ṣe dé. Mi ò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dáyé. Kí n tó po ẹ̀kọ àárọ̀, bàbá rẹ ti mu àmù dé ìdajì. Bí wọ́n ṣe ń mu ni wọ́n ń tọ̀, ìtọ̀ náà sì mọ́ gaara bí omi òjò. Èmi ni mò ń pọn omi, ẹ̀yìn ń ro mí, kànga sì ti ń fà. Ìyá Ọ̀ṣunbíyìí, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, wá wò wọ́n, wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà ni, kí a dán an wò bí àwọn àgbà ṣe ń dán an wò. Wọ́n ní kí bàbá rẹ tọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí èèrà ti ń tò kọjá, a sì jókòó tì í. Èèrà dé etí ìtọ̀, wọ́n yà fún un, wọ́n bá tiwọn lọ. Mo ní bóyá àwọn èèrà náà ti yó ni, mo bá da omi ṣúgà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o wá rí i bí wọ́n ṣe rọ́ lọ síbẹ̀! Ni ìyá bá dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n ní èèrà kì í purọ́, ara Fákọ́ládé le, àṣejù ló ń ṣe é. Wọ́n ní ẹni tí kò bá mu omi, níbo ni yóò ti rí ìtọ̀ tọ̀?

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu létí mi. Mo fi okùn di ìdérí àmù, mo ń bu igbá kan láàárọ̀, igbá kan lálẹ́. Bàbá rẹ bẹ̀ mí bí ọmọdé, mo dijú. Ṣé o mọ ohun tó yà mí lẹ́nu? Ìtọ̀ kò dúró. Omi kò wọlé, ìtọ̀ ń jáde, mi ò mọ ibi tó ti ń wá. Ahọ́n wọn gbẹ, ojú wọn jìn sínú, wọ́n ń sùn lọ́sàn-án gangan. Ìgbà tí wọ́n wá di ewúrẹ́ dúdú létí mú, tí wọ́n ń bi í pé, Àjàní, kí ló dé tí o kò pè, ni mo figbe ta. Sàníù gbé wa dé títì, a wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn ńlá n'Íbàdàn.

Níbẹ̀, fọ́ọ̀mù ló ṣáájú. Ọmọbìnrin tó ń kọ ọ́ bi mí pé ta ló sún mọ́ bàbá jù lọ. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo ní bàbá kan ará Ẹrúnmu ni, òun ló wà lórí ibùsùn tó tẹ̀ lé tiwọn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹbí ni òun ń béèrè. Mo dárúkọ rẹ, mo fún un ní nọ́ńbà rẹ, ó pè ọ́ lójú mi. Obìnrin yẹn náà ló gbé e. Ọmọbìnrin náà kọ nǹkan kan síwájú orúkọ rẹ, mi ò mọ ohun tó kọ.

Dókítà tó yẹ wọ́n wò, ọmọdébìnrin ni, bóyá ló jù ọ́ lọ. Ó gba ẹ̀jẹ̀ wọn lọ, ó padà wá, ó ní iyọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Mo fò sókè. Mo ní iyọ̀ kẹ̀? Láti ìgbà tí Nọ́ọ̀sì Kifayah ti ní ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, ọbẹ̀ àtẹ́ ni mò ń sè fún wọn! Mo ní àfi tó bá jẹ́ Mùjíbátù ìyàwó Sàníù, òun ló máa ń gbé ẹ̀wà wá fún wọn, kí wọ́n lọ mú un. Dókítà ní kí n fi Mùjíbátù sílẹ̀. Ó ní tí mo bá gbé ọbẹ̀ kaná tí mo gbàgbé rẹ̀, tí omi rẹ̀ gbẹ, ṣé mo tún bu iyọ̀ sí i ni? Mo ní rárá. Ó ní ṣé kò ní níyọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ? Mo ní, àṣé omi ló gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn.

Ó ní nǹkan kan wà lábẹ́ ọpọlọ, ó so rọ̀ níbẹ̀, kò tóbi ju èso ẹ̀wà lọ. Ibẹ̀ ni ọpọlọ ti máa ń ránṣẹ́ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá kíndìnrín pé, di omi mú, má jẹ́ kó lọ tán. Tí omi bá kéré lára, á ránṣẹ́ gan-an; tí a bá mu àmuyó, á dákẹ́ kí èyí tó ṣẹ́kù lè jáde. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló máa ń mú kí òùngbẹ gbẹ èèyàn. Níbi tí bàbá rẹ ti fi orí gbá òkúta, iṣẹ́ kò lọ mọ́. Kíndìnrín kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá ṣílẹ̀kùn fún gbogbo omi. Mo ní ó yé mi, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Mo ní kó má dààmú, ọmọ mi ń tún fóònù ṣe ní Èkó, màá ránṣẹ́ sí i kó gbé irinṣẹ́ rẹ̀ wá. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí o máa bọ̀, ì báà mú irinṣẹ́, ì báà má mú un.

Ó wá bi mí bóyá a ń fún wọn lómi. Mo sọ ọ̀rọ̀ èèrà fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ti ìtọ̀ ṣúgà nìkan ni èèrà mọ̀, kò mọ èyí. Ó ní òùngbẹ yẹn ni kò jẹ́ kí bàbá ti kú. Jìnmí, ohun tó ń gbà wọ́n là ni mo fi okùn dì. Mo sunkún títí ojú mi fi wú, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Wọ́n fa omi sí wọn lára díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní tó bá yára jù ọpọlọ á wú. Wọ́n fún wa ní oògùn kan tí a ń fín sí imú wọn, dókítà ní iṣẹ́ tí ọpọlọ kò lè rán mọ́ ló wà nínú ìgò yẹn. Ó ní ibi tútù ni kó máa wà. Iná kò sí, o mọ̀, mo gbẹ́ yanrìn tútù abẹ́ àmù, mo rì í síbẹ̀. Ó ṣiṣẹ́, òùngbẹ rọlẹ̀, bàbá rẹ tiẹ̀ mọ ewúrẹ́ yàtọ̀ sí ọ. Ṣùgbọ́n oògùn ti tán. Gbogbo ibi tí Sàníù wá a dé n'Íbàdàn, wọ́n ní kò sí, àfi Èkó.

Láàárọ̀ yìí bàbá rẹ jí, wọn kò béèrè omi. Ìyá Ọ̀ṣunbíyìí ń jó, wọ́n ní òùngbẹ ti lọ, wọ́n fẹ́ pa adìẹ. Èmi kò lè jó. Dókítà ti sọ fún mi kí a tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ pé ọjọ́ tí wọn kò bá béèrè omi mọ́, kí n má yọ̀, kí n gbé wọn wá kíá, ó ní ọpọlọ ti dákẹ́ fún ẹnu náà nìyẹn. Síbí ni mo fi ń fún wọn lómi, èyí tó pọ̀ ń ṣàn jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Sàníù ti lọ wá mọ́tò. Bí mo ṣe ń dúró dè é ni mò ń kọ̀wé yìí, Tẹniọlá ọmọ Múyì tó ń bọ̀ ní Èkó, tí yóò fi í lé ọ lọ́wọ́, dúró tì mí pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Mo ti sọ fún bàbá rẹ pé o pè. Wọ́n la ojú, wọ́n ní, ẹn-ẹ́n. Irọ́ ni mo pa, má jẹ́ kó jẹ́ irọ́.

Páálí oògùn náà wà nínú ìwé yìí, bá mi rà á, kí o wé e mọ́ omi dídì. Fi owó kún un, èyíkéyìí tí ọwọ́ rẹ bá ká, nítorí ilé ìwòsàn kì í fọwọ́ kan èèyàn lásán. Má fi í ránṣẹ́ sí báńkì o. Mo lọ síbẹ̀, wọ́n ní kí n mú BVN wá, mo ní a kò gbin ìyẹn lọ́dún yìí, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo la gbìn, ni wọ́n bá ní kí n lọ jókòó, mo sì jókòó títí wọ́n fi tilẹ̀kùn. Ọwọ́ ara rẹ ni kí o fi mú un wá. Má yà sílé, ilé ìwòsàn ni kí o gbà.

Àjàní, lọ́jọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ, bàbá rẹ ló fi omi kàn ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì í bá omi ṣọ̀tá. Wọ́n fi iyọ̀ kàn ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní ayé rẹ yóò dùn. Èmi náà wí i: omi kò ní bá ọ ṣọ̀tá, iyọ̀ rẹ kò ní dòbu, ọmọ inú Gift yóò wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ìwọ ni yóò sì fi omi kan òun náà lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kí o tó fi kan ọmọ rẹ, wá fi kan bàbá rẹ lẹ́nu nígbà tí wọ́n ṣì lè gbé e mì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyànbùnmi.