Àlejò Ẹnu Mi

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹfà
Wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi lọ́jọ́ Ẹtì. Dókítà Oorun — òun ló ń kun èèyàn lóorun níbẹ̀ — ka ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibi tí wọ́n fẹ́ gé nìkan: ìpá mi ti tóbi jù ú lọ. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn: ìdí dé ẹsẹ̀ á kú, ojú á là sílẹ̀, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀, orí lè fọ́ni fún ọjọ́ mélòó kan, ìgbà mìíràn kì í mú. Oorun gidi: wọ́n á ti rọ́bà bọ ọ̀fun, ọ̀fun lè dunni, èébì lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn tí kì í jí ò pọ̀.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn. "Wọn ò pọ̀." Mo dúpẹ́.

Ó bi mí bóyá mo ní eyín tó ṣeé yọ, torí ó lè já bọ́ sọ́nà ọ̀fun. Ìyàwó mi, Ọ̀gá Àgbà, jókòó tì mí.

Mo ní kò sí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4
Irọ́ ni. Àlejò, eyín àtọwọ́dá mi, wà níwájú gangan. Eyín gidi ti bá bọ́ọ̀lù lọ nílé ìwé. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí mo ti gbéyàwó, nílé ìwẹ̀ ni mo ti ń fọ̀ ọ́, ilẹ̀kùn títì. Èmi ayàwòrán, tí mo ń ní kí gbogbo ayé ṣí eyín. Ọ̀gá Àgbà máa ń sọ pé ẹ̀rín mi lòun rí tóun fi gbà. Àlejò ló fẹ́, ká má purọ́.

Ọjọ́rú, 5
Mo mú abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn. Ọ̀gá Àgbà ní mo láyà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8
Lánàá. Abẹ́rẹ́ wọlé, ẹsẹ̀ òsì kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń gbọ́ gbogbo nǹkan. Dókítà Oorun fi yìnyín kàn án. Mo ní ó tutù. Ó dúró, ó tún kàn án. Ó ṣì tutù. Ó ní kò mú, ká yáa sùn. Wọ́n ń gbé ìbòjú tó ń múni sùn bọ̀.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo yọ Àlejò, mo fi lé e lọ́wọ́.

Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Bàbá, mo mà bi yín."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi fi mẹ́sàn-án lé e.

Mo jí. Ọ̀fun ń dùn mí. Tí mo bá jókòó, orí á fẹ́ là — ìdùbúlẹ̀ ni mo ti ń kọ èyí. Ọ̀gá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ojú ẹ̀ wú. Kò sọ̀rọ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu.

Ọjọ́ Àìkú, 9
Ó sọ̀rọ̀. Ó ní nọ́ọ̀sì kan jáde pẹ̀lú abọ́ kékeré, ó ní kí òun bá wọn tọ́jú eyín ọkọ òun, ó sì wọlé padà. Nọ́ọ̀sì ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá Àgbà ní, "Mo rò pé ohun tó kù nínú ẹ nìyẹn. Mo wá wo eyín náà. Mo ní ọkọ tèmi kì í yọ eyín, wọ́n ti ṣì í, ọkọ ẹlòmíì ló kú. Inú mi dùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ọkọ ẹlòmíì ló kú. Títí wọ́n fi gbé ẹ jáde, tí mo rí ẹnu ẹ."

Ó sunkún. Mo ní kó má bínú. Ojú tì mí débi pé mo gbàgbé orí fífọ́.

Ọjọ́ Ajé, 10
Ó ti fọ Àlejò, ó gbé e wá fún mi. Ó ní kí n fi í sẹ́nu lójú òun. Mo fi í sí i.

Ó bi mí bóyá nǹkan mìíràn tún wà tí òun ò mọ̀. Mo ní kò sí.

Ó ní bí mo ṣe dáhùn fún dókítà náà nìyẹn.